Adé Kan, Pápá Mẹ́ta: Àgbéyẹ̀wò Pápá Roboto àti Títì Ìgboro Nínú Ìdíje IndyCar

Ìje márùn-ún ni wọ́n sá lórí pápá roboto nínú ìdíje IndyCar ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2023. Josef Newgarden nìkan gba mẹ́rin nínú rẹ̀: Texas, Indianapolis 500, àti méjèèjì tó wáyé ní Iowa. Síbẹ̀, nígbà tí sáà parí, ipò karùn-ún ló bọ́ sí. Alex Palou, ọmọ Spéènì tó gba adé, kò gba ẹyọ kan lórí pápá roboto lọ́dún náà. Orí títì ìgboro Detroit àti orí àwọn pápá oníkọ́nà ló ti kó gbogbo ìje márùn-ún tirẹ̀ jọ. Ìje 17 ló wà nínú sáà náà; 12 nínú wọn kò kan pápá roboto rárá.

Àwọn olólùfẹ́ pápá roboto fárígá. Wọ́n ní orí pápá roboto ni àwọn baba wọn ti dá eré yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di eré títì ìgboro, ó ku Indianapolis nìkan tí wọ́n fi ń tan àwọn jẹ. Àwọn apá kejì fèsì pé ibi tí èrò bá wà ni eré ń lọ, èrò sì wà nígboro. Àríyànjiyàn yìí ti lé ní ogójì ọdún. Ó ti pín ìdíje kan sí méjì rí, ó ti jẹ owó, ó sì ti kan ẹ̀mí ènìyàn. Ó yẹ ká gbé e yẹ̀ wò látòkè délẹ̀: ohun tí pápá kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, bí ìwọ̀n wọn ṣe ń lọ sókè sódò láti ọdún wá, ẹni tó ń sanwó, ẹni tí ewu ń bá, àti irú akọni tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń bí.

Ohun tí pápá kọ̀ọ̀kan ń béèrè

Ọkọ̀ IndyCar jẹ́ ọkọ̀ ìje oníjókòó kan, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ síta gbangba láìsí ohun tó bò wọ́n. Oríṣi pápá mẹ́ta ló ń sá. Èkíní ni pápá roboto, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní oval: ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni títì ìgboro. Ọ̀nà tí mọ́tò àti bọ́ọ̀sì ń gbà lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń dí, tí wọ́n á to ògiri kọnkéré sí tọ̀tún tòsì rẹ̀, tí wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìje. Ẹ̀kẹta ni pápá oníkọ́nà tí wọ́n kọ́ fún eré nìkan, bíi Laguna Seca ní California, tàbí Road America ní Wisconsin, tí ìyípo kan rẹ̀ ju máìlì mẹ́rin lọ. Tí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n sábà máa ń ka ẹ̀kẹta yìí mọ́ èkejì, torí ọkọ̀ tí a tò fún ọ̀kan kò jìnnà sí èyí tí a tò fún èkejì.

Pápá roboto pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Indianapolis gùn tó máìlì méjì àbọ̀, ó ní kọ́nà mẹ́rin, ìdagun kọ́nà rẹ̀ sì ju dígírì mẹ́sàn-án lọ díẹ̀. Texas gùn tó máìlì kan àbọ̀, àmọ́ wọ́n da kọ́nà rẹ̀ dé dígírì 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ògiri. Milwaukee tó bíi máìlì kan, kọ́nà rẹ̀ kò sì dagun púpọ̀. Iowa kò tó máìlì kan rárá. Ẹni tó bá pa gbogbo wọn pọ̀ sọ pé "pápá roboto léwu" tàbí "pápá roboto dùn" kò tíì sọ nǹkan kan.

Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ lórí irú pápá yìí, àwọn mẹkáníìkì máa ń to ọkọ̀ débi pé òsì ni yóò máa fẹ́ yà fúnra rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún máa ń tóbi díẹ̀ ju ti òsì lọ, kódà lórí ìlà gbọọrọ, awakọ̀ ní láti di sítiarì mú kí ọkọ̀ má baà fà. Lọ́dún 2023, Palou fi eré 234.217 máìlì ní wákàtí kan, tó súnmọ́ 377 kìlómítà, gba ipò iwájú fún Indianapolis 500. Ìpíndọ́gba ìyípo mẹ́rin gbáko nìyẹn. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Ọkọ̀ tó wà níwájú máa ń da afẹ́fẹ́ rú, ìyẹ́ iwájú ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé e kò ní rí nǹkan dì mú mọ́, imú ọkọ̀ á sì kọ̀ láti yà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó wọ kọ́nà, torí kò sí àyè àtúnṣe níbẹ̀. Ẹnì kan á dúró lókè níbi tó ti lè rí gbogbo pápá, á máa sọ fún un létí pé ọkọ̀ kan ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Títì ìgboro ní ìyà tirẹ̀. Ti Long Beach jẹ́ 1.968 máìlì, ó ní kọ́nà 11, ọ̀kan nínú wọn sì há débi pé ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó tó yí i tán. Ti St. Petersburg ní Florida gba ojú ọ̀nà bàálù ní pápákọ̀ Albert Whitted kọjá kó tó wọ àárín ìlú. Gegele pọ̀, ọ̀dà funfun ojú títì ń yọ̀, ìdérí kòtò omi wà níbẹ̀, ògiri sì súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe kékeré fi lè ṣẹ́ apá táyà. Ọkọ̀ IndyCar kò ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí sítiarì, agbára apá rẹ̀ ni yóò fi ṣe é fún bíi wákàtí méjì. Ẹni tó bá mọ bíréèkì í tẹ̀ pẹ́ ju àwọn yòókù lọ ló ń rọ́nà kọjá níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn pápá wọ̀nyí rí.

Bí ìwọ̀n náà ṣe yí láti ọdún wá

Àwọn kan gbà pé títì ìgboro jẹ́ àṣà Yúróòpù tó wá gba ilé onílé. Ìtàn kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1904 ni wọ́n ti ń sá ìje Vanderbilt Cup lójú ọ̀nà gbogbogbòò ní Long Island, nítòsí New York, wọ́n sì sá ìje lójú títì Santa Monica ní California kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé Amẹ́ríkà. Pápá roboto borí lẹ́yìn náà torí pé ó rọrùn láti ṣọgbà yí i ká, kí wọ́n sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Indianapolis ṣí ní 1909, ìje 500 máìlì àkọ́kọ́ sì wáyé níbẹ̀ ní 1911, Ray Harroun ló gbà á. Fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, orí pápá roboto alámọ̀, onípákó àti ọlọ́dà ni ìdíje orílẹ̀-èdè náà ń gbé jù. Láti 1950 sí 1960, wọ́n tilẹ̀ ka Indianapolis 500 mọ́ ìdíje Formula 1 àgbáyé, àmọ́ ìwọ̀nba awakọ̀ Yúróòpù ló yọjú síbẹ̀.

Ní 1965 ni ilẹ̀kùn ṣí. Lọ́dún náà, Jim Clark ará Scotland fi ọkọ̀ Lotus tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn gba Indianapolis 500, Mario Andretti sì gba ìje tí wọ́n sá lórí pápá oníkọ́nà ní Indianapolis Raceway Park, ìyẹn ìje àkọ́kọ́ tó gbà nínú ìdíje náà. Pápá alámọ̀ kúrò nínú ìdíje lẹ́yìn sáà 1970. Nígbà tí CART, ìdíje tí àwọn oní-ẹgbẹ́ ọkọ̀ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlú ńlá. Long Beach, tó ti gba Formula 1 lálejò láti 1976, bọ́ sí ọwọ́ CART ní 1984. Mario Andretti, tó ti fi ọkọ̀ Formula 1 gba ìje níbẹ̀ ní 1977, ló tún gbà á lọ́dún náà. Toronto tẹ̀lé e ní 1986, Detroit ní 1989, Vancouver ní 1990, Surfers Paradise ní Ọsirélíà ní 1991.

Sáà 1993 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí bí ìgbà tí gbogbo nǹkan wà ní déédéé. Nigel Mansell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olúborí Formula 1 ní 1992, kọjá sí CART. Ó rọ́ lu ògiri ní Phoenix nígbà ìdánrawò, kò sì lè bá wọn sá ìje yẹn. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, ó ti gba Milwaukee, Michigan, New Hampshire àti Nazareth, pápá roboto ni gbogbo wọn, pẹ̀lú títì ìgboro Surfers Paradise. Ó ṣe ipò kẹta ní Indianapolis, ó sì gba adé. Ìje 16 ló wà ní sáà náà, mẹ́fà lórí pápá roboto.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pín. Tony George, tí ìdílé rẹ̀ ni pápá Indianapolis, kéde ìdíje tuntun ní 1994, Indy Racing League, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ó ní eré náà ti wọ́n jù, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kò rí àyè wọlé mọ́, pápá roboto sì gbọ́dọ̀ padà sí ipò iwájú. Nínú àyè 33 tó wà ní Indianapolis 500, ó fi 25 pamọ́ fún àwọn tó bá wá sí ìdíje rẹ̀. CART fìbínú ṣètò ìje tiwọn sí Michigan lọ́jọ́ kan náà, 26 oṣù Karùn-ún 1996, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì kọlu ara wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó gbéra rárá.

Ìpínyà yìí ṣe ohun kan fún wa tí kò sí ẹni tó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe: ó dán òpin méjèèjì wò. Ìdíje Tony George sá pápá roboto nìkan fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, láti 1996 dé 2004. Ìjókòó ṣófo níbi púpọ̀, àwọn onígbọ̀wọ́ kò sì ya lù ú. Ní 2005 ó tẹríba, ó mú títì ìgboro St. Petersburg wọlé pẹ̀lú àwọn pápá oníkọ́nà Sonoma àti Watkins Glen. CART gba ọ̀nà òdìkejì. Pápá roboto ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ gbèsè ní 2003, ó yí orúkọ padà sí Champ Car, nígbà tó sì di 2007 kò ní pápá roboto kan ṣoṣo mọ́. Níbẹ̀rẹ̀ 2008 ó kógbá wọlé, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì wọ inú ìdíje kejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ àwọn méjèèjì yìí fẹ́ fi ọ̀nà kan ṣoṣo wọ̀ ọ́, ọ̀nà náà sì dí mọ́ wọn lójú.

Ìdàpọ̀ náà kò dán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àdéhùn méjì ló wà nílẹ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀ kan náà nínú oṣù Kẹrin 2008, wọn kò sì lè fagi lé èyíkéyìí. Àwọn kan sá pápá roboto Motegi ní Jàpáànù, níbi tí Danica Patrick ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìje IndyCar. Àwọn tó wá láti Champ Car sá títì Long Beach, Will Power sì gbà á. Wọ́n ka àmì méjèèjì sínú ìdíje kan.

Owó àti onílé

Láti ìgbà ìdàpọ̀, orúkọ pápá roboto tó kúrò nínú ètò pọ̀: Richmond, Chicagoland, Kansas, Kentucky, Homestead, Las Vegas, Fontana, Pocono, Texas. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ wo ojú pápá. Kó wo ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìje títì ìgboro ń lọ bá ènìyàn nílé. Ilé ìtura wà nítòsí, ilé oúnjẹ wà, ìjọba ìlú lè dá sí i torí àlejò tí yóò wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ sì lè kó oníbàárà wọn wá wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni ayẹyẹ náà, ọ̀pọ̀ tó wá kò sì mọ orúkọ awakọ̀ mẹ́ta. Ní Long Beach, iye tí àwọn olùṣètò ń kéde láìpẹ́ yìí fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ nǹkan bí 200,000. Pápá roboto sábà máa ń wà lẹ́yìn odi ìlú. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, ìje ló lọ wò, tí ìje náà kò bá sì fà á, yóò jókòó sílé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí ni Fontana, California, ní oṣù Kẹfà 2015. Ìgbà 80 gbáko ni ipò iwájú pààrọ̀ ọwọ́ lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ àkọsílẹ̀ tó ga jù nínú ìtàn IndyCar. Graham Rahal ló gbà á. Ìjókòó ṣófo rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Ìje tó kún fún ìfigagbága jùlọ nínú ìtàn wáyé lójú ìwọ̀nba ènìyàn, IndyCar kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé kí pápá roboto ṣáà ti dùn, èrò á dé, Fontana ni kó dáhùn fún.

Ohun kejì ni pé IndyCar jẹ́ ayálégbé lórí ọ̀pọ̀ pápá roboto. NASCAR, ìdíje ọkọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, tàbí Speedway Motorsports, tó gbọ́kàn lé ìje NASCAR, ló ni wọ́n, ayálégbé kì í sì í pinnu irú ọ̀dà tí onílé yóò kùn. Ní Texas, wọ́n da kẹ́míkà sí apá òkè kọ́nà kí táyà ọkọ̀ NASCAR lè di títì mú. Táyà IndyCar kò bá a mu, àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù apá òkè náà, ìje sì di títò lẹ́yìn ara ẹni. Texas kúrò nínú ètò lẹ́yìn 2023. Ní Iowa, ilé ìtajà Hy-Vee náwó láti 2022 dé 2024, ó kó àwọn olórin ńlá wá, èrò sì ya dé. Ní 2024 wọ́n tún ọ̀dà àwọn kọ́nà ṣe fún ọkọ̀ NASCAR, rírọ́nà kọjá di ogun fún IndyCar. Hy-Vee yọwọ́ lẹ́yìn ọdún náà, Iowa kò sì sí nínú ètò 2026.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìgboro ní ààbò ju èyí lọ. Baltimore kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ, 2011 sí 2013, gbèsè sì wọlé láti ọdún àkọ́kọ́. Ti Boston tí wọ́n kéde fún 2016 kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Títì Nashville tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 bọ́ lọ́wọ́ wọn torí iṣẹ́ pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n sì kó ìje náà lọ sí pápá roboto Nashville Superspeedway ní 2024. Títì ìgboro ń gbé ọwọ́ òṣèlú ìlú. Pápá roboto ń gbé ọwọ́ onílé.

Ewu

Ọ̀rọ̀ ewu ni wọ́n fi ń na pápá roboto jù. Ó tọ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní oṣù Kẹrin 2001, CART fagi lé ìje Texas lọ́jọ́ ìje gan-an, torí pé agbára tó ń tẹ àwọn awakọ̀ mọ́lẹ̀ nínú kọ́nà ti lé ní ìlọ́po márùn-ún ìwúwo ara wọn, òòyì sì ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Alex Zanardi pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì lórí pápá roboto Lausitzring ní Jámánì. Ní 16 oṣù Kẹwàá 2011, ọkọ̀ 34 gbéra ní Las Vegas lórí pápá máìlì kan àbọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọlu ara wọn, Dan Wheldon, tó gba Indianapolis 500 lọ́dún náà, sì kú. Justin Wilson kú ní 2015 lẹ́yìn tí àfọ́kù ọkọ̀ mìíràn bà á lórí ní Pocono. Ní Pocono náà ni Robert Wickens ti ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn léṣe ní 2018.

Ṣùgbọ́n Jeff Krosnoff kú lójú títì Toronto ní 1996, Gonzalo Rodríguez sì kú ní Laguna Seca ní 1999. Ewu ń tẹ̀lé eré níbi gbogbo. Ohun tó mú kí Texas àti Las Vegas yàtọ̀ ni pé kọ́nà wọn dagun débi pé awakọ̀ kò nílò láti gbẹ́sẹ̀ sókè rárá. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń sá eré kan náà láìdẹsẹ̀, wọn kò lè túká. Wọ́n á máa rìn ní agbo, táyà ẹnì kan nítòsí táyà ẹlòmíràn. Táyà gbangba sì ni: bí ọ̀kan bá gun ẹ̀yìn èkejì, ọkọ̀ á fò. Lórí pápá kúkúrú tàbí pápá tó tẹ́, awakọ̀ ní láti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, kó tẹ bíréèkì nígbà mìíràn, kó tọ́jú táyà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọjá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, agbo á sì túká. Eré náà kò sì pọ̀ tó ti Texas. Ògiri onírin àti fóòmù tí Yunifásítì Nebraska ṣe, tí Indianapolis kọ́kọ́ lò ní 2002, àti gíláàsì ààbò tó dé iwájú awakọ̀ ní 2020, ti dín ewu kù sí i. Nítorí náà, ẹjọ́ ewu kò dá pápá roboto lẹ́bi lápapọ̀. Ó dá irú kan lẹ́bi: èyí tó dagun, tó gùn tó máìlì kan àbọ̀, tí kò ní kí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀.

Irú olúborí tí a ń bí

Will Power ará Ọsirélíà ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Láàárín 2010 sí 2012, kò sí ẹni tó tó o lórí títì àti pápá oníkọ́nà. Ní 2010, òun ló wà níwájú nínú àmì kí ìje ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní pápá roboto Homestead; ó rọ́ lu ògiri, Dario Franchitti gba adé. Ní 2012, òun ló tún wà níwájú kí wọ́n tó dé Fontana; ó tún rọ́ lu ògiri, Ryan Hunter-Reay gbà á. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ pápá roboto. Ó gba ìje Fontana ní 2013, ó gba adé ní 2014 lórí Fontana kan náà, ó sì gba Indianapolis 500 ní 2018. Bí wọ́n bá ti yọ pápá roboto kúrò torí rẹ̀ ni, adé rẹ̀ ì bá tètè dé. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá ka a sí odindi awakọ̀?

Àwọn kan gbìyànjú láti pín iṣẹ́ náà. Mike Conway ará Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun kò ṣe pápá roboto mọ́. Ní 2014 òun àti Ed Carpenter pín ọkọ̀ kan: Conway gba títì Long Beach àti Toronto, Carpenter gba Texas. Ìje mẹ́ta ni ọkọ̀ náà gbà, àmọ́ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè du adé. Ìdájọ́ tó tọ́ nìyẹn. Adé IndyCar ni adé tí a kò lè fi apá kan ṣoṣo gbà.

Newgarden wá ńkọ́? Tí a bá fi tirẹ̀ wé ti Mansell, ẹjọ́ náà yí padà. Àwọn méjèèjì gba pápá roboto mẹ́rin ní sáà kan. Mansell gba adé torí pé lójú títì pẹ̀lú, ó ń kó àmì jọ. Newgarden kò rí i kó tó níbẹ̀. Ìwé ètò kò rẹ́ ẹ jẹ. Palou pàápàá kò sá fún pápá roboto: lọ́dún 2025 ó gba Indianapolis 500, tó jẹ́ ìje àkọ́kọ́ tó gbà lórí pápá roboto, ó tún gba ọ̀kan ní Iowa, ó sì kó adé kẹrin.

Ibi tí àìdọ́gba wà gan-an

Ẹ jẹ́ ká ka iye. Mẹ́fà nínú 16 ní 1993. Márùn-ún nínú 15 ní 2012. Márùn-ún nínú 17 ní 2023. Méje nínú 17 ní 2024. Mẹ́fà nínú 17 ní 2025. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn ń ṣàfẹ́rí láti 1993 ló ṣì wà nílẹ̀. Ariwo pé pápá roboto ti tán kò bá ìṣirò mu.

Ohun tí ìṣirò fi hàn yàtọ̀ sí èyí. Nínú títì ìgboro márùn-ún ti 1993, mẹ́ta ṣì wà nínú ètò 2025: Long Beach, Toronto àti Detroit, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Detroit ti kúrò ní erékùṣù Belle Isle padà sí àárín ìlú ní 2023. Nínú pápá roboto mẹ́fà ti 1993, méjì péré ló kù: Indianapolis àti Milwaukee. Milwaukee pàápàá kò sí láti 2016 dé 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1903 ni wọ́n ti ń sá ọkọ̀ níbẹ̀. Nínú mẹ́fà ti 2025, méjì wáyé ní Iowa ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà, Iowa sì ti lọ báyìí. Títì ìgboro ti fìdí múlẹ̀. Pápá roboto ń ṣí kiri. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí Long Beach lè mú ọmọ tirẹ̀ lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kẹrin kan náà. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Phoenix, tó padà wọlé ní 2016, tó jáde lẹ́yìn 2018, tó tún padà sínú ètò 2026? Èrò kì í mọ ọ̀nà ilé tí wọ́n ń wó lọ́dọọdún.

Àwọn àtúnṣe tí wọ́n ti dán wò kò fọwọ́ kan èyí. Wọ́n sọ àmì Indianapolis 500 di ìlọ́po méjì láti 2014 dé 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2023. Ó mú kí ọjọ́ kan wúwo jù, kò sì fún pápá roboto mìíràn ní olùwòran kan. Indianapolis kò tilẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Àwọn kéékèèké ló nílò rẹ̀.

Ìdájọ́ mi rèé. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta dúró. Kò gbọdọ̀ dín, kò sì pọn dandan kó lé. Kí àyè pápá roboto jẹ́ ti àwọn kúkúrú àti àwọn tó ń mú awakọ̀ gbẹ́sẹ̀: Milwaukee, Gateway nítòsí St. Louis, Nashville, Phoenix. Kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí kò ní yẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kódà bí ọdún méjì àkọ́kọ́ kò bá mú èrè wá. Roger Penske, tó gba IndyCar àti pápá Indianapolis ní 2020, ti ní ìje Detroit àti Long Beach lọ́wọ́. Owó tí ìgboro ń mú wá ni kó fi gbin pápá roboto kéékèèké. Milwaukee ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Christian Rasmussen, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré sí ti Palou, sáré bá a nígbà tí ìje kù díẹ̀ kó parí níbẹ̀, ó kọjá rẹ̀, ó sì gba ìje àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú IndyCar.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Formula 1 nìkan lẹ ń wò, ẹ wo Long Beach lóṣù Kẹrin, Indianapolis lóṣù Karùn-ún, Milwaukee lóṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó sọ èwo nínú wọn ni kí wọ́n yọ kúrò.